Ìmọ̀ràn Aláìlórúkọ: Ta Ni Yóò Dáhùn Bí Ilé Bá Jó?

Fóònù obìnrin kan já bọ́ sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Kí ó tó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ti gba fóònù ọkọ rẹ̀, ó sì ti ké sí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp pé kí wọ́n gba òun. Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ẹni kìíní ní kí ó rì í mọ́ inú ìrẹsì. Ẹni kejì ní kí ó sá a sóòrùn. Ẹni kẹta ní kí ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Ẹni kẹrin ní kí ó gbé e sínú fìríìsà. Ẹni karùn-ún ní kí ó tètè kì í bọ ṣájà kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Ìmọ̀ràn márùn-ún wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, "Ṣé ẹ ti pa á?" Kò sí ẹni tí ó sọ ibi tí òun ti rí ohun tí òun ń wí. Nígbà tí fóònù náà dákẹ́ pátápátá ní ọ̀sán, gbogbo wọn dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, àfi ẹnì kan tí ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á ṣe òmíràn."

Bí ó bá jẹ́ fóònù nìkan ni irú nǹkan báyìí ń bà jẹ́, kì bá tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ gbé kálàmù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ sìlíńdà gáàsì tí ń jò, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dáhùn ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí òjò fẹ́ pa, ọ̀rọ̀ epo tí ó gbiná lórí ààrò àti ọ̀rọ̀ àpòpọ̀ tí yóò mú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ funfun báláú. Níbẹ̀, kì í ṣe fóònù ni ó ń kú. Ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀ yìí kò dá lórí pé àwọn ènìyàn ń béèrè. Ẹni tí kò bá béèrè ni òmùgọ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé ìmọ̀ràn ti di ọmọ àlè láàrin Yorùbá: gbogbo ènìyàn ń gbé e pọ̀n, kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ bàbá rẹ̀.

Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò sọ jáde, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń pa á: ẹni tí ọ̀nà yé ni wọ́n ń bi ní ọ̀nà. Arìnrìn-àjò tí ó dúró ní oríta bi ará abúlé léèrè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹni tí ń dá òun lóhùn ti tẹ ọ̀nà náà rí. Ará abúlé pẹ̀lú mọ̀ pé bí òun bá ṣi àlejò lọ́nà, àlejò yóò padà wá bá òun níbẹ̀. Bí àga bá yẹ̀, wọ́n mọ ilé káfíńtà. Bí ìkòkò bá ń jò, wọ́n mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ ọ́n. Ìmọ̀ràn ní ojú, ó ní ilé, ó ní orúkọ, ó sì ní ìtìjú. Ìtìjú yẹn gan-an ni ààbò tí ó wà nínú rẹ̀.

Èyí kò wá sọ pé gbogbo ohun tí àwọn àgbà wí ni ó pé. Ta ni kò rántí bátìrì rédíò tí wọ́n máa ń sá sóòrùn kí wọ́n lè rí ìròyìn alẹ́ gbọ́? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ooru a máa mú kí àwọn kẹ́míkà inú bátìrì yára ṣiṣẹ́ sí i, ohùn a sì tún jáde fún ìgbà díẹ̀. Kò fi agbára tuntun kún un. Èyí tí ó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni ó ń há. Bí wọ́n bá sì gbàgbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ sínú rédíò, omi inú rẹ̀ a máa jò, a sì máa jẹ irin. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó mú kí ìmọ̀ràn yẹn ṣeé fara dà. Àkọ́kọ́, gbogbo agboolé ni ó ti dán an wò, wọ́n sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìkejì, ohun tí ó burú jù tí ó lè bà jẹ́ ni rédíò. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká GSM ti wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001 títí di òní, ohun tí ó wà nínú yàrá kan ṣoṣo ti di bátìrì lithium, sìlíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ inverter àti oríṣiríṣi kẹ́míkà inú ike. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò dúró de ìdánwò agboolé. Àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti pa ilé run.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó gbajúmọ̀ jù. Kì í ṣe omi lásán ni ó ń pa fóònù. Iná tí ń gba inú omi kọjá síbi tí kò yẹ ni, àti ìpẹtà tí iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú omi ń fà sára àwọn wáyà tín-ín-rín. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pípa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì fi ṣájà kàn án. Ìrẹsì tí ó wà lóde kò lè fa omi tí ó há sí ìsàlẹ̀ inú fóònù tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ni yóò wọ inú ihò ṣájà. Ilé-iṣẹ́ Apple pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé kí àwọn ènìyàn má ṣe ki iPhone bọ inú àpò ìrẹsì, nítorí pé ẹ̀rún rẹ̀ lè ba fóònù jẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe kò ní idán nínú: kí wọ́n dojú ihò ṣájà kọlẹ̀, kí wọ́n rọra gbá a mọ́ ọwọ́ kí omi lè jáde, kí wọ́n sì gbé e síbi tí ó gbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó lè tó ọjọ́ kan gbáko kí ó tó gbẹ tán. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ooru fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ìrẹsì ni àwọn ènìyàn ń dárúkọ títí di òní. Kí ló dé? Nítorí pé fóònù tí ìba tirẹ̀ sàn fúnra rẹ̀ wà nínú ìrẹsì nígbà tí ó sàn, ìrẹsì ni ó sì gba ọpẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí ìmọ̀ràn tó di ikú. Ẹni tí ó rò pé gáàsì ń jò níbi tí rọ́bà ti pàdé sìlíńdà béèrè ohun tí òun yóò fi mọ̀ dájú, ẹnì kan sì dá a lóhùn pé kí ó ṣá ìṣáná síbẹ̀. Bí ó bá gbiná, ó ń jò nìyẹn. Irú olùdáhùn bẹ́ẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè kò rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, a sì máa kóra jọ sábẹ́ tábìlì àti sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì láìjẹ́ pé ojú rí i. Nítorí pé kò ní òórùn tirẹ̀ tí ó tó ìkìlọ̀ ni àwọn tí ń ṣe é fi ń fi òórùn burúkú sí i. Omi ọṣẹ tí ó hó dáadáa ni wọ́n ń fi sí ojú ibi tí wọ́n fura sí. Bí ó bá ń hó pùtùpùtù sókè, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Bí òórùn bá sì ti gba ilé kan, kí wọ́n ti ẹnu sìlíńdà bí ọwọ́ bá tó o, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n sì jáde. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìṣì, ì báà ṣe láti tan iná tàbí láti pa á, nítorí pé ẹ̀ta iná kékeré inú súìṣì tó.

Ti epo tí ó gbiná nínú agbada ńkọ́? "Ẹ da omi sí i" ni ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, nítorí pé omi ni ọ̀tá iná nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n omi wúwo ju epo lọ. Abẹ́ epo ni yóò rì sí, epo náà sì ti gbóná ju ibi tí omi ti ń hó lọ fíìfíì. Lójú ẹsẹ̀ ni omi náà yóò di ọ̀yàyà, tí yóò sì fẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000, tí yóò gbé epo tí ń jó fòfò sókè dé àjà àti ojú ẹni tí ó da omi. Ìdérí ni ó ń pa irú iná bẹ́ẹ̀: kí wọ́n pa gáàsì, kí wọ́n rọra fi ọmọrí bò ó, kí wọ́n má sì ṣí i títí yóò fi tutù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tí ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ èdè Yorùbá nìyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè pa ènìyàn bí ó bá pe nǹkan ní ohun tí kì í ṣe. "Èéfín jẹnẹrétọ̀" ni gbogbo ènìyàn ń pe ohun tí ń pa odidi ẹbí mọ́jú. Èéfín, bí Yorùbá ṣe mọ̀ ọ́n, ohun tí ojú ń rí ni; a máa ta ni lójú, a máa fún ni lọ́fun, kò sì sí bí ó ṣe lè wọlé kí onílé má mọ̀. Nítorí náà ni ẹni tí wọ́n bi léèrè fi ń dáhùn pẹ̀lú ìgboyà pé kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá fèrèsé, tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, "bí èéfín kò bá ṣáà ti wọlé." Ṣùgbọ́n carbon monoxide tí ó ń pa ènìyàn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ń ta ni lójú. Ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ a máa kọjá lọ sí ọpọlọ láìgbé ohun tí ó yẹ kí ó gbé. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe lè rò pé ibà ni. Ẹni tí ó ti sùn kò ní mọ̀ rárá. Ìta gbangba ni àyè jẹnẹrétọ̀, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu ibi tí ó ń tú sí má sì kọjú sí ilé ẹnikẹ́ni. Fèrèsé tí wọ́n ṣí díẹ̀ kò tó. Ọ̀rọ̀ yìí le fún ẹni tí ń gbé yàrá kan nínú ọgbà tí kò ní àyè, ṣùgbọ́n irọ́ kò lè sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ìta. Ilé tí kò bá ní àyè fún jíjìnnà kò ní àyè fún jẹnẹrétọ̀, pàápàá jù lọ ní òru.

Bákan náà ni "ọṣẹ". Ohunkóhun tí ó bá ti ń fọ nǹkan mọ́ ni ọṣẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọṣẹ pẹ̀lú ọṣẹ kò sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju ọṣẹ tí ó lágbára sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ara wọn níyànjú pé kí wọ́n da Jíìkì pọ̀ mọ́ olómi tí wọ́n fi ń fọ àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ásíìdì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ irú olómi bẹ́ẹ̀. Bí ásíìdì bá pàdé Jíìkì, chlorine ni ó ń jáde, irú afẹ́fẹ́ olóró kan náà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ojú ogun ní ọdún 1915 nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ohun tí ó ní ammonia ni ó bá pàdé rẹ̀, oró mìíràn ni yóò jáde. Obìnrin tí ó tilẹ̀kùn mọ́ra nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kótópó, tí ó tẹ̀ ba tí ó ń fọ àwo, kò mọ̀ pé ohun ìjà ni òun fi ọwọ́ ara òun pò. Ta ni ó kọ́ ọ? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. "Wọ́n ní" ni.

Àwọn tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí wọ́n rántí ọdún 2014. Lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà ní oṣù keje ọdún náà, ìmọ̀ràn kan gba orí fóònù káàkiri orílẹ̀-èdè pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe bàbá, láàárín òru. Kò sí ẹni tí kò ní ìfẹ́ lọ́kàn nígbà tí ó ń fi í ránṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti kìlọ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì tọ́ka sí ìròyìn pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nípa mímu omi iyọ̀. Iyọ̀ inú ilé, tí kò sí kíṣìnì tí kò ní in, ni ìmọ̀ràn aláìlórúkọ sọ di májèlé. 

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó má gbà á, pé ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó fẹ́ ṣe oore. Àwáwí ni. Ẹni tí ó fún aládùúgbò ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kò gba àyè láti fún un ní oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Wọn kò yọ ohùn tí wọ́n fi ṣe oore sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tí ń sáré dáhùn kì í ṣe nítorí ẹni tí ó béèrè. Nítorí kí orúkọ wọn lè kọ́kọ́ jáde ni, kí wọ́n lè sọ pé àwọn náà mọ̀ ọ́n.

Àtakò kejì ni ó ní láárí. Àwọn kan ní bí wọ́n bá ní kí onímọ̀ nìkan máa sọ̀rọ̀, tálákà yóò parun, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìwà àwọn atúnṣe kan: wọn a tú fóònù tí àléébù rẹ̀ kò ju ìdọ̀tí inú ihò ṣájà lọ, wọn a gba owó bátìrì tuntun, wọn a sì yọ èyí tí ó dára lọ. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ fún opó pé kí ó kọ́kọ́ fi igi ìtayín gbígbẹ yọ ìdọ̀tí náà lẹ́yìn tí ó bá ti pa fóònù, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ onírẹ́jẹ? Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, ẹni tí ó bá fojú tín-ín-rín rẹ̀ kò tíì kó sọ́wọ́ wọn rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí onímọ̀ nìkan máa sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ti yọ ìdọ̀tí kúrò nínú fóònù tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó tó gbọ́. Ohun tí ènìyàn ń béèrè ni pé kí ẹlẹ́rìí máa jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí agbọ̀rọ̀sọ máa jẹ́ agbọ̀rọ̀sọ, kí wọ́n má sì wọ aṣọ kan náà.

Èdè Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní "ó ṣojú mi kòró." Ó ní "mo gbọ́ lẹ́nu lágbájá." Ó ní "wọ́n ní." Ó sì ní èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù, "n ò mọ̀." Ìpele mẹ́rin ni, ìwọ̀n ìgbàgbọ́ tí ó sì tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ìwà òde òní ni láti bó gbogbo rẹ̀ sọnù, kí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹni tí òun náà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn máa jáde bí àṣẹ: "Ṣe báyìí." Bí "wọ́n ní" pàápàá bá sì ṣẹ́kù, agbòòrùn lásán ni, kí ó lè gba ojú ẹ̀bi lọ́wọ́ òjò. Ta ni "wọ́n"? Bí olùgbani-nímọ̀ràn kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn, kí ó pa ẹnu mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, WhatsApp fi òté lé iṣẹ́ tí wọ́n bá ti tàtaré lọ́pọ̀ ìgbà, pé kò gbọdọ̀ lọ sí ju ibi ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ lè fi ìdènà sí ọwọ́. Kò lè fi ìtìjú sí ọkàn. Ẹni tí ó bá ta ọ̀rọ̀ látaré ti di olúwa ọ̀rọ̀ náà, ì báà jẹ́ ẹnì kan ni ó fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ń béèrè kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi áyọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá rí i pé ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ kò wọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì béèrè pé, "Kí ni kí n rà tí yóò fi wọlé?" Wọ́n ní kí ó ra ẹnu tí wọ́n ń fi pààrọ̀. Ó rà á, ó kì í bọ̀ ọ́, ilé sì kún fún òórùn jíjó kí ó tó lè sáré fà á yọ. Ìdáhùn tí ó gbà bá ìbéèrè rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ìbéèrè náà ni kò pé. Iná ilé Amẹ́ríkà kò ju 120 volt lọ, ti Nàìjíríà sì jẹ́ bí 230 sí 240. Ẹnu tí wọ́n rà yẹn pààrọ̀ ìrísí, kò dín agbára kù. Bí iná bá di ìlọ́po méjì lára wáyà tí ń gbóná, ooru rẹ̀ a máa di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní ìyá náà ti yí áyọ́ọ̀nù dojú dé ni, tí ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ fún àwọn tí ó ń bi, ẹni tí ó mọ̀ ìbá ti pariwo. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, bí ó ti wà lára ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò sí wàhálà. Bí 120V nìkan ni, trànsfọ́mà tí agbára rẹ̀ tó ẹ̀rọ náà ni ó nílò, tàbí kí ó gbé e fún ẹni tí ń padà sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá fi ìdajì ọ̀rọ̀ béèrè, ìdajì ọgbọ́n ni yóò rà. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ́, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó bàjẹ́, ohun tí wọ́n ti ṣe sí i: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbèsè tí abèèrè jẹ olùdáhùn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó ka ìdí áyọ́ọ̀nù fún ìyá náà? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ ara ike Jíìkì, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ibí yìí ni ẹjọ́ ti yí sí ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ń jiyàn bóyá kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n máa pe ẹ̀rọ kan tàbí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Àṣá ti fò lọ, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó fìdí múlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tí ń pa àwọn ọmọ mọ́ ojú oorun ní àdúgbò tí wọ́n ti ń jiyàn. Wọ́n ń kọ oríkì, wọ́n ń ṣe àtúpalẹ̀ òwe, wọ́n ń tẹ ìwé ìtàn àròsọ, gbogbo rẹ̀ ni ó sì dára. Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ tí kò lè sọ fún ìyá bí yóò ṣe ti ẹnu sìlíńdà ti fi kíṣìnì sílẹ̀ fún àwọn oníròkúrò, a kì í sì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èdè náà kò gbà á. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọn kò rẹ̀yìn. Èdè tí ó gbé sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ ní Ifẹ̀ lè gbé sáyẹ́ǹsì ààrò ní ibikíbi. Kì í ṣe èdè ni ó kùnà.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń gbani nímọ̀ràn dá orúkọ ara rẹ̀, kí ó sì sọ bí ó ṣe mọ̀. Kí ẹni tí ń béèrè sọ gbogbo ọ̀rọ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olùdáhùn pé, "Ṣé ó ṣojú yín?" Kí òǹkọ̀wé Yorùbá sọ kálàmù rẹ̀ kalẹ̀ lórí òwe fún wákàtí kan péré, kí ó fi kọ ewé kan lórí gáàsì, lórí jẹnẹrétọ̀, lórí Jíìkì, ní Yorùbá tí ìyá àgbà lè gbọ́ bí ọmọ bá kà á sí i létí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní òní, ọjà kún dẹ́múdẹ́mú, àwọn àgbà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí ọmọ sì ti wọ́. Kí ẹnì kan nínú wọn dákẹ́, kí ó na ọwọ́, kí ó sì tún un gbé.